Ta Ni Yóò Gun Òrùlé Fún Wa?

Lẹ́tà tí mo mú wá lónìí, ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò kan ní Ọ̀tan Ayégbajú ni ó ti wá, ó sì ní kí n má dárúkọ òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà, bátìrì àti ínfátà ni ìyá yìí ń tà. Ẹ kúkú mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo tí kò tó ₦200 sì kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti sú aránṣọ, ó ti sú onídìrí. Ọjà ìyá wa tà. Ọjà títà kọ́ ni ẹjọ́ tó kó wá.

Ó ní ọmọkùnrin ará Ìrèsì kan ni ó ti ń bá òun gun òrùlé fún ọdún méjì. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ réwáyà ní Òṣogbo fún ọdún mẹ́ta, ó gba fírídọ̀mù, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. ₦15,000 ni ó ń fún un lórí ilé kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ilé kékeré, ìbáà ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ náà ni yóò san owó ọ̀kadà, òun náà ni yóò san owó ẹni tí ń bá a gbé àkàbà. Bí oníbàárà kò bá tíì san gbèsè, ìyá kì í san owó ọmọ. Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì kan sán lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ ₦20,000 nínú owó rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ kan gbé iṣẹ́ ńlá fún ìyá wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ. Owó ilé mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ ìyá tí kò tíì san. Ó wá bi mí pé, "Àwọn ọmọ ìwòyí kò ní sùúrù. Ṣé kí n wá ọmọ méjì tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé ₦120,000 ni ẹ ń gbà fún owó iṣẹ́ lórí ilé ńlá, yàtọ̀ sí owó ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Nínú ₦15,000 tí ọmọ gbà, ₦3,000 lójúmọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a gbé àkàbà, ₦1,000 lójúmọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́kadà. Ó ku ₦3,000 fún ọjọ́ mẹ́ta. ₦1,000 lójúmọ́ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ń mú lọ sílé, lẹ́yìn tó ti fi oòrùn orí páànù yan ara rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ̀yin sì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ₦105,000. Ìyá mi, ta ni kò ní sùúrù nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Láyé àwọn baba wa, bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ẹmu ni yóò fi gba àlejò, nítorí àna tàbí ọ̀rẹ́ ni ó wá, ìfẹ́ ni ó sì mú un wá. Bí ó bá jẹ́ àáró ni, lọ́la èmi náà yóò wá sí oko tìrẹ. Ìwọ̀fà ni ó ń ṣiṣẹ́ tí kò gbowó, nítorí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ Ìrèsì yìí kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́.

Ti ọmọ méjì tí owó wọn kò tó nǹkan yẹn, èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti jẹ irú iyán bẹ́ẹ̀ rí, ó sì há mi lọ́fun. Ẹnì kan tó ń ta irú ọjà yìí rán ọmọ kan wá sílé mi ní ọdún 2022. Ọmọ náà ṣe kíá, owó rẹ̀ kéré, inú mi dùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìyàwó mi gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná. Nígbà tí a ṣí i wò, bóòtù tó de wáyà mọ́ bátìrì kò le, wáyà náà sì tín-ín-rín jù. Ẹ̀yin tíṣà á tètè lóye rẹ̀: bí a bá fẹ́ wáàtì 1,000 láti inú bátìrì fóòtì 12, iná tí yóò gba wáyà kọjá lé ní ámpù 80, iṣẹ́ kan náà lórí iná fóòtì 230 kò tó ámpù 5. Ẹni tó bá fi wáyà gílóòbù de bátìrì ti dáná sun ilé onílé, ọjọ́ ni kò tíì pé. Ọpẹ́lọpẹ́ imú ìyàwó mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń ṣà nílẹ̀. Ìlá Ọ̀ràngún kò jìnnà sí yín, ibẹ̀ ni a bí Làmídì Fákẹ́yẹ agbẹ́gilére. Ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ, síbẹ̀ ó tún lọ di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Báńdélé ọmọ Àreògún, kí ayé tó mọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ẹlòmíràn, ẹ má bèèrè iye tó ń gbà kí ẹ tó bèèrè ilé méjì tó ti ṣe ní ọdún tó kọjá. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ bi ìyàwó ilé bóyá òjò ń jò níbi tí wọ́n ti lu páànù, ọkọ lè máà mọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ṣe ilé kan lójú yín, kí ẹ san owó ilé náà fún un, kódà bí ẹ kò bá ní gbà á.

Ní ti owó, ohun tí èmi rò nìyí. Ẹ pín owó iṣẹ́ sí méjì ọgbọọgba: ₦60,000 tirẹ̀ lórí ilé ńlá, kí ṣọ́ọ̀bù san ti ọ̀kadà àti ti alákàbà. Èrè orí ọjà ṣì wà fún yín lódindi. Kí ó gba ₦54,000 lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá tàn, kí ₦6,000 dúró títí òjò méjì tàbí mẹ́ta yóò fi rọ̀ sí òrùlé náà, ṣùgbọ́n kí ẹ ti sọ èyí fún un kí ó tó gun àkàbà. Bí àbùkù bá jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀, kí ó padà tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ọjà yín, ẹ sanwó fún un. Gbèsè oníbàárà ńkọ́? Ẹ gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà kí pánẹ́ẹ̀lì tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ẹ ta àwìn fún, àwìn yín ni.

Bí ẹ bá sì gbà á bí òṣìṣẹ́ olóṣù, òfin wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ọdún 1974 ní kí a kọ àdéhùn sínú ìwé láàárín oṣù mẹ́ta, kí owó má sì kọjá oṣù kan kí a tó san án. Owó pánẹ́ẹ̀lì tó sán yẹn, ẹ kò lè dá a yọ. Àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó ṣàìbìkítà, kí ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba sì fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ ó yọ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ lọ. Òfin ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n iyàwó ọjà tó ń ta gàrí kò yọ òṣìṣẹ́ yín sílẹ̀. Òfin ọdún 2010 sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún àjọ NSITF, nítorí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lórí òrùlé. Fún ẹni tó ń gba ₦100,000, ₦1,000 péré ni.

Ọmọ Ìrèsì yẹn ńkọ́? Ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí i, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ láago. Ẹ ka owó ilé mẹ́ta náà, ẹ fi ₦20,000 pánẹ́ẹ̀lì lé e, kí ẹ fúnra yín gbé e lọ bá òun àti ìyá rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi owó lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó mẹ́nu kan iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi bó bá ṣe rí.