Owó Yàrá àti Owó Orí ní Ngomari

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé ilé pọ̀ ní Ngomari, ní agbègbè pápákọ̀ òfuurufú Maiduguri. Ẹnìkan a gba ilé oníyàrá méjì lọ́wọ́ onílé, a sì fi yàrá kan fún alájọgbé tí yóò máa san owó fún un. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe àdéhùn. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì. Bí a bá wá dárúkọ owó orí, jìnnìjìnnì a bá àwọn méjèèjì. Ẹni tí ń gba owó a ní ìbátan òun ni èkejì, èkejì a sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Irọ́ náà kò wúlò, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń pa á ni òfin kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Òfin owó orí tuntun, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Lójú òfin, owó tí ènìyàn ń gbà lórí yàrá jẹ́ ara owó tí ń wọlé fún un, gẹ́gẹ́ bí owó oṣù àti èrè ọjà. Ṣùgbọ́n kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún. Lẹ́yìn èyí ni ₦15 yóò máa jáde nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, títí owó náà yóò fi pé ₦3,000,000. Nítorí náà, ìyá alákàrà tí èrè rẹ̀ àti owó yàrá rẹ̀ lápapọ̀ kò ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò jẹ ìjọba ní owó orí lórí wọn.

Ó tún yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín èrè àti àjọsan. Ẹ jẹ́ kí a fi télọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí èrè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, tí ó sì ń san ₦240,000 fún onílé. Bí alájọgbé rẹ̀ bá fún un ní ₦120,000 fún ìdajì ilé náà, kò jèrè. Ńṣe ni wọ́n jọ gbé ẹrù kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ₦200,000 lórí ìdajì kan náà, ó ti jèrè ₦80,000. Owó orí èrè yìí yóò tó ₦12,000.

Òfin náà sì ṣàánú ayálégbé. A ń yọ ìdá márùn-ún owó ilé tí ó san kúrò kí a tó ṣírò owó orí rẹ̀, bí iye tí a yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Télọ̀ tí alájọgbé rẹ̀ san ìdajì kò gbọdọ̀ wí pé òun nìkan ni ó san ₦240,000. Ìdá márùn-ún ₦120,000 tirẹ̀, èyí tí í ṣe ₦24,000, ni ó tọ́ sí i. Bí ó bá purọ́ ka gbogbo rẹ̀, ₦3,600 péré ni yóò fi jèrè nínú owó orí. Ta ni yóò ta orúkọ rere ní iye yẹn?

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Owó orí tí a ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ kò kan èrè yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ròyìn èrè náà fún àjọ tí ń gba owó orí ní Ìpínlẹ̀ Borno, kí oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó parí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlá ni ilé baba rẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé ni owó orí rẹ̀ tọ́ sí.

Àwọn kan yóò béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó náà ṣe. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969 kọ́ wa pé owó orí tí kò yé ará ìlú, tí a sì fi ipá gbà, ń dá ogun sílẹ̀. Borno sì ti rí ogun tó láti ọdún 2009. Àìmọye ni ogun lé wá sí Maiduguri, kí omi ìdídò Alau tó tún ya wọ ìlú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ onínúure ni ó gba àwọn aláìnílé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí owó orí lórí àánú, kí agbowó-orí kankan má sì ṣe dẹ́rù ba irú wọn.

Ó yẹ kí ìjọba ṣàlàyé òfin yìí ní èdè Kànúrí, Haúsá, Ṣúwà àti Yorùbá, ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn alájọgbé náà jẹ́ kí onílé mọ̀ nípa àjọgbé wọn, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gba rìsíìtì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kò ní sá nígbà tí agbowó-orí bá kan ilẹ̀kùn.