Ẹ Sanwó fún Ẹni Tó Ní "Kì í Ṣe Lónìí"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ètò wa bọ̀ mọ̀ pé mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa microlight, bàálù kékeré oníjókòó méjì, níbí ní Ìlú Ọba. Ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí ni pé, "Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ owó ni: owó àwọn tó ń kọ́ wa.

Ní Sátidé kan, mo jí láago mẹ́rin ìdájí, mo wa mọ́tò fún wákàtí méjì kí n tó dé pápá. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n dá fò fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi nìkan. Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Mo ti pe màmá mi n'Íbàdàn pàápàá, wọ́n sì ti gbàdúrà fún mi títí fóònù fi gbóná létí mi.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń kọ́ mi, àgbàlagbà òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró síta, ó ń wo àpò aṣọ tó wà lórí òpó, èyí tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn. Ó wò ó títí. Ó wá ní, "Kì í ṣe lónìí."

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣebí oòrùn ń ràn!"

Ó ní, "Oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wá. Jẹ́ ká mu tíì."

Mo fi ìbínú wọ ọ́fíìsì. Obìnrin tó ń bá wa ṣètò ọjọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ní wọ́n ti fi àárọ̀ mi ṣòfò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àárọ̀ kan péré lo pàdánù. Òun pàdánù owó iṣẹ́ òní." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé wákàtí tí olùkọ́ bá lò lókè ni wọ́n ń sanwó fún. Tí kò bá fò, kò sówó. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ fi lè dá wa dúró? Ẹ wo bí bàálù ọ̀hún ṣe rí. Èyí tí à ń fi kọ́ṣẹ́ kò ní ìrù. Aṣọ ni wọ́n nà sórí páìpù láti fi ṣe apá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó síwájú, olùkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn olùkọ́. Ọ̀pá kan la fi ń darí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á mọ́ra, eré á pọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá tì í sọ́tùn-ún, òsì lẹ máa yà sí.

Ó fúyẹ́ gan-an. Kí òfin tó yí padà ní 2021, nǹkan bí 450 kìlógíráàmù ni wọ́n fi dá ìwọ̀n rẹ̀ dúró, tòun ti epo àti èèyàn méjì. Nísinsìnyí ó lè tó 600. Boeing 737-800 lè wọn ju 78,000 lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Tí a bá ń bọ̀ wá balẹ̀, eré wa lè má ju máìlì 55 ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré máìlì 15 ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin eré wa lọ nìyẹn. Fún bàálù ńlá tó ń balẹ̀ pẹ̀lú eré bíi máìlì 150, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni.

Oòrùn gan-an lè dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ilẹ̀ oko tí wọ́n ti kọ á yára gbóná ju inú igbó lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè látibẹ̀, á sì máa ju bàálù wa sókè sódò. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ràn àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Mẹkáníìkì wa wà níbẹ̀ tó máa ń ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ò dùn létí mi," tí bàálù á sì wà nílẹ̀ títí tó fi máa rí ìdí ẹ̀. Igbákejì olùkọ́ náà wà níbẹ̀. Òfin ò gbà á láyè láti dá nìkan pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ dá fò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Obìnrin ọ́fíìsì sì ni ẹni tó ń pè wá láàárọ̀ pé ká má wulẹ̀ wá. "Rárá" ni iṣẹ́ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ka "rárá" sí iṣẹ́? Kí èèyàn tó gba ìwé àṣẹ microlight tó pé, ó gbọ́dọ̀ fò fún wákàtí 25 ó kéré tán, kó sì dá fò fún 10 nínú wọn. Nínú ìwé tí à ń kọ wákàtí wọ̀nyí sí, kò síbi tá a ti ń kọ ọjọ́ tí ọgbọ́n ní ká jókòó sílé. Ọ̀gá tèmi ò jẹ́ kí owó yí ìpinnu rẹ̀ padà. Àmọ́ tí owó ilé bá tó san ńkọ́, tí òjò sì ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì? Kò yẹ ká máa dán ẹni tí ẹ̀mí wa wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò báyẹn.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Tí Ifá bá ní kí èèyàn má rìnrìn àjò, ṣé ó máa ní kí babaláwo dá owó òun padà ni? Ó máa dúpẹ́ ni.

Ẹnì kan á ní, "Fífò ti wọ́n jù tẹ́lẹ̀, ṣé ká tún máa sanwó fún ohun tá ò rí gbà?" Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Àmọ́ ìdánwò márùn-ún ló wà nílẹ̀ tá a gbọ́dọ̀ yege: òfin, ojú ọjọ́, bí a ṣe ń wá ọ̀nà lójú ọ̀run, ara èèyàn, àti bàálù fúnra rẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ fi ọjọ́ tí a ò lè fò kọ́ wa ní wọ̀nyí, kí wọ́n sì san ìdajì owó wákàtí kan fún olùkọ́, ó kéré tán. Kí àwa náà fi díẹ̀ kún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dá fò. Àga ẹ̀yìn mi ṣófo, bàálù sì fúyẹ́ débi pé ó fò sókè kí n tó mọ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́ sí ni ọ̀gá rán mi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: tí olùkọ́ yín bá ní, "Kì í ṣe lónìí," ẹ má fajú ro bíi tèmi. Ẹ bi í pé, "Èló ni tẹ́ ẹ bá fi wákàtí yìí kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ojú ọjọ́?" Kẹ́ ẹ sì sanwó náà.