Kí Ẹ Tó Ra Gíábọ́ọ̀sì Míì, Ẹ Fa Ọ̀pá Ọ́ìlì Yọ Ná

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n lónìí, ọkọ̀ tó ń gbé irè oko lọ sọ́jà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Púpọ̀ nínú wa ló ń lo jíìpù àtijọ́ tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ara rẹ̀, torí òun ló lè jáde nínú ẹrọ̀fọ̀ oko, kó sì tún gbé ẹrù dé Ajégúnlẹ̀. Èrò tiwa ni pé púpọ̀ nínú owó tí à ń ná sórí gíábọ́ọ̀sì àti géèjì epo irú ọkọ̀ yìí, à bá má ná an ká ní a kọ́kọ́ yẹ ohun tí ò gbówó wò.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì, ọjà Boundary ló ń lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró ní Mile 2 fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí ọ̀nà là, ó tẹná, ẹ́ńjìnnì ń hó, ọkọ̀ ò lọ. Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní, "Gíábọ́ọ̀sì ti kú, ẹ lọ ra tòkunbọ̀." Ibi tí wọ́n ti ń wá owó kiri, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lórí ọkọ̀, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Mẹ́káníìkì kejì ló wá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ: ọ́ìlì ò kan ọ̀pá rárá. Gíábọ́ọ̀sì ò kú, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ẹ̀kán ọ́ìlì kan ò sí nílẹ̀ níbi tó máa ń gbé ọkọ̀ sí. Níbo ni ọ́ìlì gbà lọ? Jíìpù wọ̀nyí ní gíábọ́ọ̀sì kejì, èyí tí à ń pè ní transfer, tó ń pín agbára sí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ọ́ìlì tiẹ̀ yàtọ̀. Tí ọ́ìlì síìlì tó wà láàárín méjèèjì bá ti gbó, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì á máa wọ inú transfer díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ò ní rí i. Tí ọ́ìlì gíà yín bá ń dín tí ẹ ò rí jíjò, ẹ ní kí wọ́n ṣí nọ́ọ̀tì transfer wò. Tó bá ti kún àkúnjù, ẹ ti mú olè. Síìlì lẹ ó rà, kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì.

Bí a ṣe ń wọn ọ́ìlì náà rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kí ó ti rìn díẹ̀ kí ó lè gbóná. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ mú gíà lọ láti P dé ìsàlẹ̀, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fa ọ̀pá yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà, bíi Honda, tó jẹ́ pé a máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí a tó wọn ọ́n, nítorí náà ẹ ka ìwé ọkọ̀ tàbí ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá pupa tó sì mọ́, kò séwu. Tó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ooru ti ba ọ́ìlì jẹ́, inú gíábọ́ọ̀sì sì lè ti ń jẹ. Tó bá funfun bíi wàrà tó pọ́n díẹ̀, omi ti wọ inú rẹ̀: ẹ má wà á mọ́. Inú rédíétọ̀ ni páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Omi lásán tí à ń rọ sínú rédíétọ̀ láìsí coolant á mú páìpù náà dípẹtà títí á fi lu. Pure water tí a rò pé a fi ṣọ́wó ná ló ń pa gíábọ́ọ̀sì nígbẹ̀yìn.

Ọ̀nà Àpápá náà ní ẹ̀bi tiẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá àti Tin Can ṣe máa ń dí ọ̀nà. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n ti ń fi Ètò pe tírélà ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, síbẹ̀ ẹni tó bá gbé ẹrù gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ múra. Ọkọ̀ tó kẹ́rù tó ń rìn díẹ̀ dúró díẹ̀ ò rí atẹ́gùn, ọ́ìlì gíà sì ń gbóná. Tí ìdúró bá pẹ́, ẹ fi gíà sí N, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ọ́ìlì kún un, irú èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kankan sọ fún yín pé ọ́ìlì pupa lọ́ìlì pupa ń jẹ́.

Ó ku géèjì epo. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ló tún lè máa rọ bẹntiró láìmọ iye tó wà nínú tánkì? Ìtìjú ni kí epo tán mọ́ wa lọ́wọ́ ní Àpápá, níbi tí àwọn tánkì epo ńláńlá tò sí. Iṣẹ́ géèjì ò le: ohun kan ń léfòó nínú tánkì, wáyà ń gbé ìròyìn rẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́ tó wà níwájú awakọ̀. Tí géèjì ooru bá kú pọ̀ mọ́ ti epo, fíúsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ti epo nìkan, ẹ wo ibi tí wáyà tánkì ti kan irin ọkọ̀. Atẹ́gùn òkun àti omi àgbàrá Ajégúnlẹ̀ máa ń jẹ ibẹ̀ dípẹtà. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́.

Tí kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ pe rewáyà. Kó pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kó yọ wáyà géèjì lẹ́bàá tánkì, kó fi gílóòbù kékeré so ó mọ́ irin ọkọ̀, kó wá tan kọ́kọ́rọ́. Tí abẹ́rẹ́ bá rìn, inú tánkì ni àìsàn wà. Tí kò bá mira, wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kó sọ tánkì kalẹ̀ lásán. Gbangba ìta ni kí wọ́n ti ṣe é o, kí sìgá àti iná jìnnà síbẹ̀. Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ rọ tánkì kún, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ máa fi ìyẹn ṣírò.

Àwọn kan á ní, "Mẹ́káníìkì ló mọ̀ ọ́n." Òótọ́ ni, a ò kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ là ń wo ewé ẹ̀gẹ́ wa, a kì í dúró dìgbà tí ọ̀gá kan bá dé ká tó mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ wo ọ́ìlì ọkọ̀ yín bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, ẹ ní kó fa ọ̀pá yọ kó fi hàn yín.

Ọkọ̀ ò ní dá wa dúró sójú ọ̀nà o.