Kí Wọ́n Ṣí Pápá Gọ́ọ̀fù Bompai fún Ará Ìlú

Iléeṣẹ́ aláṣọ, iléeṣẹ́ awọ, iléeṣẹ́ òróró ẹ̀pà: ìwọ̀nyí la fi mọ Bompai ní Kánò tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn pa. Iná ìjọba tí kì í dúró, dísù tó ń gbówó lérí, aṣọ tó ń gba ẹ̀yìn bodè wọlé, gbogbo wọn ló para pọ̀ mú kí wọ́n kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ńlá kan ṣì wà lápá ibẹ̀, níbi tí Bompai ti ń súnmọ́ GRA Nassarawa, tí kò tíì kógbá sílé. Pápá gọ́ọ̀fù Kánò ni. Ọ̀rọ̀ owó tó wà nínú ilẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tó bá jẹ́ pé inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti ń wo gọ́ọ̀fù á rò pé olówó nìkan ló lè tọ́jú pápá rẹ̀, nítorí koríko tútù tó ń mumi láàárọ̀ lálẹ́. Kánò kì í rí òjò ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ kí koríko máa tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ á gbẹ́ kànga, á tan jẹnẹrétọ̀, á sì máa ra dísù. Àwọn tó kọ́kọ́ la pápá gọ́ọ̀fù sílẹ̀ Haúsá yàgò fún ìnáwó bẹ́ẹ̀. Wọ́n po iyanrìn mọ́ ọ́ìlì, wọ́n tẹ́ ẹ yí ihò ká, wọ́n ń pè é ní bíráùn. Bọ́ọ̀lù á yí dáadáa lórí rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn máa ń sọ ọ́ di gbágungbàgun. Mo dúró ti kádì kan, ẹni tó ń bá wa gbé ọ̀pá, nígbà tó ń fa pákó pẹlẹbẹ kan láti ìdí bọ́ọ̀lù dé ẹnu ihò. Kò kánjú rárá. Bó ti ń fà á ni ojú ẹsẹ̀ ń parẹ́, tí ojú ọ̀nà tóóró kan ń yọ, tó ń dán. Mo ti gbé ọ̀pá sókè, ó ní, "Ẹ dúró ná, Dádì, kò tíì tẹ́jú." Ọmọ Ọ̀fà ni, Sabon Gari ní Kánò níbí ni wọ́n bí i sí. Pákó ọwọ́ rẹ̀ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ olówó gọbọi ń ṣe níbòmíràn.

Ẹ má sì rò pé gọ́ọ̀fù tálákà ni gọ́ọ̀fù orí iyanrìn. Orí bíráùn ni Sandy Lyle, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti gba ife Nigerian Open ní Ìkòyí lọ́dún 1978. Ìgbà 61 ló gbá bọ́ọ̀lù kó tó parí ihò 18 lọ́jọ́ kìíní, ìgbà 63 lọ́jọ́ kejì. Ẹni yìí kan náà ló gba ife ìdíje Open ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1985 àti Masters ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988.

Ta wá ni pápá wà fún? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa ló ń gba owó lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Sabon Gari tó ń gba iwájú ọgbà kọjá lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé òun lè wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Lẹ́yìn náà ló fò kọjá 1,000. Oníṣẹ́ oṣù tí kò ní ìbátan nínú ẹgbẹ́ ti jìnnà sí gọ́ọ̀fù pátápátá.

Ẹ wo ohun tí ìpínlẹ̀ New York ṣe nígbà tí nǹkan le fún wọn. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, bí owó ẹ̀pà náà ṣe já wálẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ Kánò lọ́wọ́ lásìkò kan náà. Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti la pápá sí Bethpage ní Long Island, wọ́n sì ṣí èyí tí wọ́n ń pè ní Black lọ́dún 1936. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín títí di òní. Ẹnikẹ́ni tó bá san owó ẹnu ọ̀nà lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, owó àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà kò sì ju nǹkan bí ìdajì ti àlejò lọ. Àwọn kan ń sun inú ọkọ̀ mọ́jú nítorí kí wọ́n lè rí àyè. Orí pápá ará ìlú yìí ni wọ́n ti gbá ìdíje U.S. Open lọ́dún 2002 àti 2009, orí rẹ̀ náà ni ìdíje Ryder Cup ti wáyé lọ́dún 2025.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé ilẹ̀ tí ará ìlú kò bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kì í ní agbèjà. Pápá eré ẹṣin tó wà ní Nassarawa ti kọ́ wa lọ́gbọ́n: wọ́n kọ́ ilé ìtajà sí i lórí, ìjọba Gómìnà Abba Kabir Yusuf sì wá wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n ní ilẹ̀ gbogboogbò ni. Owó àwọn tó kọ́lé ṣòfò, owó ìjọba náà ṣòfò. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ gé pápá gọ́ọ̀fù sí púlọ́ọ̀tì, ta ni yóò sọ̀rọ̀ bí kò ṣe ìwọ̀nba ọmọ ẹgbẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà níbi iṣẹ́ wọn, pápá máa ń dá páro, kádì á sì jókòó sábẹ́ igi láìrí kọ́bọ̀. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò, ẹ fún ará ìlú ní àárọ̀ méjì péré lọ́sẹ̀. Ẹ kọ iye owó rẹ̀ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kí ti ará Kánò kéré sí ti àlejò. Ẹ máa fi ọ̀pá háyà fún ẹni tí kò ní, kí ẹ sì jẹ́ kí kádì máa gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún kan ná, kí ẹ sì gbé ìṣirò rẹ̀ jáde kí gbogbo wa rí i.