Irun Tó Ń Re Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Àlùjànnú



Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Dókítà fún ìyá ọmọ kan ní ilé-kéú wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní oògùn ìsoríkọ́. Ó ti ń sùn, ó ti ń jẹun, ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di bí oṣù kẹta, irun bẹ̀rẹ̀ sí í bá òòyà jáde. Ará ilé mú un lọ bá áàfáà kan. Áàfáà ní àlùjànnú ló ń jẹ irun náà, pé kí ó da oògùn òyìnbó nù, kó máa mu hàntú. Ó dà á nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò lè dìde lórí ẹní mọ́.

Mo bi yín: ta ló sọ fún áàfáà yẹn pé àlùjànnú ni? Àwọn tó ṣe oògùn fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà nínú páálí. Fluoxetine àti sertraline lè mú irun re, bí kì í tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oògùn náà ló ń mú kí ọ̀pọ̀ irun lọ sinmi pa pọ̀ ṣáájú àkókò wọn. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, wọ́n á re. Gbòǹgbò kò kú. Bí dókítà bá pààrọ̀ oògùn, irun sábà máa ń hù padà. Ibà líle ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìbímọ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abiyamọ mélòó lẹ ti gbé lọ fún rukiya nítorí irun? (Dídì tí ẹ ń fà le koko náà ń jẹ irun o, ẹ̀yin ọmọge.)

Ẹ̀yin áàfáà ẹgbẹ́ mi, èmi náà ń ṣe rukiya. Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló ní kí á wá ìwòsàn. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní 934, ti kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá pé ìbànújẹ́ kan wà tí a mọ ìdí rẹ̀, òmíràn wà tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tó ń ti inú ara wá. Èdè tí ẹ ń kà ni! Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Oògùn òyìnbó àti oníṣègùn ìbílẹ̀ jọ ṣiṣẹ́. Ta ló wá ní kí á yan ọ̀kan?

Ìwọ tí irun rẹ ń re, má dá oògùn dúró lójijì. Òòyì, àìsùn àti àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè padà dé. Lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún ọ, kó pààrọ̀ rẹ̀, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ìwọ ọkọ, ìwọ lo ń rí ohun tó wà lábẹ́ ìjáàbù. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá ọmọ wa ti padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Áàfáà yẹn kò tíì yà wò ó.