Ta Ló Ń Ka Jẹnẹrétọ̀ Agbowó?

Tí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti dé ní ẹ̀ka wa báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ṣe. A ó wa dátà agbára gbogbo àgbáyé jáde lórí Our World in Data, a ó fi Python tàbí D3 ya máàpù tó rẹwà. Tẹ Jámánì, iye iná tí wọ́n lò á jáde. Fa ọdún sẹ́yìn, àwọ̀ á yí padà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni Hans Rosling fi la ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ní 2006. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé máàpù yẹn kò mọ̀ wá dáadáa.

Ẹ wo ìwé ìṣirò agbára tí BP ń tẹ̀ lọ́dọọdún láti 1952, kí Energy Institute tó gbà á ní 2023. Níbi tí BP ti ka epo rọ̀bì tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń wà jáde, Nàìjíríà ní ìlà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan agbára tí kálukú ń lò, wọ́n ti kó wa pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Tá a bá ń tà, a lórúkọ. Tá a bá ń lò, orúkọ ti sọnù. Agbára tí wọ́n ń tà lọ́jà ńlá nìkan ni wọ́n sì ń kà, nítorí náà igi tí ìyá olóúnjẹ ń dá kò sí níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Bẹntiróòlù tí à ń rọ sínú rẹ̀ wà nínú ìṣirò epo, àmọ́ ó ti dà pọ̀ mọ́ ti mọ́tò. Iná tó ń mú wá, mítà kankan kò kà á. Tí máàpù bá ní iná ọmọ Nàìjíríà kéré, òótọ́ ni: iná ọba kì í sábà ju megawatt 4,000 sí 5,000 lọ fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n owó, ariwo àti èéfín tí a fi ń dí àlàfo yẹn kò hàn síbì kankan.

Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC gbé owó iná Band A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kilowatt-hour kan. Ìlérí tó wà níbẹ̀ ni pé iná ò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. Ti Band B jẹ́ 16, C 12, D 8, E 4. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ní ìṣirò tirẹ̀. Àwa tí à ń rà á, kí la ní ju ariwo “Up NEPA!” lọ?

Iṣẹ́ tó yẹ ẹ̀ka wa nìyẹn. Kí ogún akẹ́kọ̀ọ́ pín ara wọn sí Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge. Kí wọ́n máa kọ aago tí iná dé, aago tó lọ, Band tí àdúgbò wà, àti lítà epo tí jẹnẹrétọ̀ mu. Fóònù àtijọ́ tí a so mọ́ iná ọba, tí kò gba ara ínfátà kọjá, lè máa kọ aago náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ká wá ya máàpù: tẹ Challenge, kí wákàtí ìlérí àti wákàtí tó dé jáde pa pọ̀.

Àwọn kan á ní dátà ogún èèyàn kéré jù. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó kọ ọ́ àti bó ṣe kọ ọ́, a sì lè sọ ibi tó mọ. Òfin iná mànàmáná ti 2023 sì ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti máa ṣàkóso iná ládùúgbò wọn, nítorí náà ibi tá a lè gbé ìṣirò náà lọ kò jìnnà mọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, owó dátà íntánẹ́ẹ̀tì àti ibi tí máàpù náà máa wà ni ká bá yín sọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, Jámánì ò ní sá lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.