Ọmọ Áàtì Lẹ́tọ̀ọ́ sí Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ní Àgùdà, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri Èkó, ìparí JSS 3 ni wọ́n ti ń pín ọmọ sí ọ̀nà tí yóò tọ̀. Èyí tí ìṣirò yé, sáyẹ́ǹsì. Èyí tó fẹ́ràn ìwé kíkà tó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀, áàtì. Àwọn yòókù, kọmáṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń pín báyìí, ìpín náà kì í sì í ṣeé yí padà bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi fisíìsì sílẹ̀ ní SS 1 kò lè gba ti JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé sí fásitì, wọ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, nítorí ìṣirò àti fisíìsì ni wọ́n ń béèrè lẹ́yìn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó gba ìhà sáyẹ́ǹsì lọ náà ti dágbére fún ìtàn àti lítíréṣọ̀, àfi àwọn kọ́ọ̀sì GST, ẹ̀kọ́ gbogboogbò ní fásitì, tí wọ́n ń kọ́ ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan, tí wọ́n ń há sórí bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìpín yìí ń pa ìlú lára. UNILAG ní Akọka, tí kò jìnnà sí Àgùdà, ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ó ní ti ìmọ̀ ìtàn, ó ní ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn wà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ èdè tàbí ìtàn, kó sì fi gba dìgírì kan ṣoṣo.

Kẹ́ ẹ lè rí ìdí rẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ áàpù tó ń yáni lówó. Èèyàn á yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lórí fóònù. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, áàpù tó ti kó gbogbo nọ́ńbà orí fóònù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá onígbèsè, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sí àna rẹ̀, pé olè ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé lóṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì díẹ̀ lára àwọn ayánilówó wọ̀nyí n'Íkẹjà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gbé ìlànà jáde fún wọn.

Àwọn tó kọ áàpù wọ̀nyẹn mọṣẹ́. Kóòdù wọn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú gbèsè gbígbà báyìí rí. Nínú The History of the Yorubas tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, Samuel Johnson ṣàlàyé bí olówó ṣe máa ń rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò á jókòó pa síbẹ̀, á máa pariwo, á máa halẹ̀, á máa gbá adìyẹ àti ẹran ilé mú, títí agbo ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ojú àwọn ará ilé ni wọ́n fi ń gba gbèsè. Ilé kan péré ni ológò lè jókòó sí lójúmọ́, gbogbo àdúgbò ló sì ń rí ojú rẹ̀. Áàpù ń wọ ẹgbẹ̀rún ilé láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó rán an. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìtàn yìí, tó sì mọ bí áàpù ṣe ń gbàṣẹ láti ka nọ́ńbà orí fóònù, yóò mọ ohun tó ń kọ́ kó tó kọ́ ọ tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni fásitì wa kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mú jáde.

Ọ̀rọ̀ èdè kò yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́ tó ní àmì òkè. Ńṣe ló ń kó lẹ́tà ẹ àti àmì òkè lé ara wọn, bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá sì mọ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀rọ. Túndé Adégbọlá, ẹnjiníà tó dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ n'Ìbàdàn, ní láti lọ kọ́ nípa ohùn Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, gba ìhà kejì wá kó tó dá YorubaName.com sílẹ̀. Akíkanjú ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ akíkanjú nìkan ni yóò lè ṣe é. Lóṣù kẹrin 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ olóye tó gbọ́ èdè ilẹ̀ wa. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbọ́ tọ̀tún-tòsì?

Wọ́n ti dán irú àpapọ̀ ẹ̀kọ́ báyìí wò nílẹ̀ Gánà. Patrick Awuah kọ́ ẹnjiníà àti ètò ọrọ̀-ajé pọ̀ ní Swarthmore l'Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ó padà wálé, ó sì dá fásitì Ashesi sílẹ̀ ní 2002. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà kì í jáde níbẹ̀ láìkọ́ ìwé kíkọ, ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti ìwà aṣáájú. Owó Ashesi kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí l'Ágùdà. Ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ yìí fi kan fásitì ìjọba jù. N'Ífẹ̀, OAU ti ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ètò ọrọ̀-ajé láti ìgbà pípẹ́. Bí ètò ọrọ̀-ajé bá bá a mu, kí ló dé tí ìtàn kò ní bá a mu?

Àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù pé ìmọ̀ ọmọ kò ní jinlẹ̀. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Díẹ̀ lára àwọn kọ́ọ̀sì àṣàyàn ọdún kẹta àti ìkẹrin yóò lọ lóòótọ́, àdánù sì ni. Ìṣirò àti ìpìlẹ̀ kóòdù kíkọ ni kò gbọdọ̀ dín. Ní ti àwọn òbí tó ń béèrè ta ni yóò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n wo Yábàá. Bọ́sún Tìjání tó wà lára àwọn tó dá CcHub, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ, sílẹ̀ níbẹ̀, ètò ọrọ̀-ajé ló kà. Ìyínolúwa Aboyeji tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Andela sílẹ̀ ní 2014, ẹ̀kọ́ nípa òfin ló kà.

Àyè ti wà. CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó fásitì, gbé jáde lóṣù kejìlá 2022, gba ìpín 70 nínú 100 fún ara rẹ̀, ó sì fi ìpín 30 sílẹ̀ fún fásitì kọ̀ọ̀kan. Kí sẹ́nétì UNILAG fi ìpín 30 náà bẹ̀rẹ̀ dìgírì kọ̀ǹpútà àti ẹ̀dá-èdè, àti ti kọ̀ǹpútà àti ìtàn. Kí JAMB gba ọmọ áàtì tó yege nínú ìṣirò láàyè láti wọ̀ ọ́ láìní fisíìsì. Ẹ̀yin òbí l'Ágùdà náà, bí ọmọ yín bá yan lítíréṣọ̀ ní SS 1, ẹ fún un láyè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà kó fi ìṣirò ṣeré.